Owó Àtìpó: Èdè-Ìperí fún Owó tí ó ń Ti Òkèèrè Wọlé

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní èdè Yorùbá, orúkọ kan ṣoṣo ni a sábà ń fún owó tí àwọn ará òkèèrè ń kó wọ orílẹ̀-èdè: ìdókòwò. Orúkọ náà kò burú, ṣùgbọ́n ó kó ohun méjì tí ìwà wọn kò jọra pọ̀. Ẹni tí ó kọ́ ilé iṣẹ́ sí Ọ̀tà dókòwò. Ẹni tí ó jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ra ìwé-ẹ̀yáwó ìjọba Nàìjíríà, dókòwò pẹ̀lú. Ẹni àkọ́kọ́ kò lè di ògiri àti ẹ̀rọ sínú àpò ní ọjọ́ tí nǹkan bá le. Ẹni kejì lè ta ìwé rẹ̀, kí ó fi náírà ra dọ́là, kí owó rẹ̀ sì ti kúrò láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà láàárín ọdún 2012 sí 2016 fi ìyàtọ̀ yìí hàn. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2012, báńkì JPMorgan ti Amẹ́ríkà fi ìwé-ẹ̀yáwó Nàìjíríà kún atọ́ka rẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀ ajé wọn ń gbèrú. Irú atọ́ka bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àti owó ìdókòwò mìíràn ní òkèèrè fi ń pinnu ibi tí owó wọn yóò lọ. Ìjọba sì rí ẹni yá a lówó ní náírà. Àǹfààní gidi ni èyí.

Láti agbedeméjì ọdún 2014 ni iye owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀. Àgbá kan tí ó ti ju dọ́là 100 lọ kò tó dọ́là 30 mọ́ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2016. Bí dọ́là ṣe ń wọ́n, Báńkì Àpapọ̀ há ọjà pàṣípààrọ̀ mọ́: ní oṣù Òkúdu 2015, ó kéde oríṣi ọjà 41 tí àwọn tí ń kó wọn wọlé kò ní rí dọ́là rà fún mọ́ ní ọjà ìjọba. Ní ọdún kan náà, JPMorgan yọ Nàìjíríà kúrò nínú atọ́ka rẹ̀, nítorí ìnira tí ó wà nínú pípàṣípààrọ̀ owó. Ní ọjọ́ 20 oṣù Òkúdu 2016, tí Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà, dọ́là kan fò láti nǹkan bí náírà 197 dé nǹkan bí náírà 280. Ẹni tí kò fojú kan ìwé-ẹ̀yáwó rí, ṣùgbọ́n tí ó ń ra oògùn tí a kó ti òkèèrè wá, pín nínú ìyà náà. Ohun tí ìsopọ̀ ọjà owó àgbáyé túmọ̀ sí nìyí.

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó bá owó kejì yìí mu: àtìpó. Àtìpó kì í ṣe ọ̀tá. Ó lè ṣe ilé lóore, ṣùgbọ́n onílé tí ó gbọ́n kì í fi ẹrù àtìpó ṣe òpó ilé. Nítorí náà, 'owó àtìpó' yẹ owó inú ìwé-ẹ̀yáwó àti ìpín-ìdókòwò tí a ń rà tí a ń tà. 'Ìdókòwò afìdímúlẹ̀' sì yẹ owó ilé iṣẹ́ àti ẹ̀rọ. Èyí sàn ju 'owó gbígbóná', tí ó kàn ń tẹ̀lé èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sì là ohunkóhun yé ẹni tí kò gbọ́ èdè náà.

Ẹnìkan lè wí pé àtìpó a máa pẹ́ níbi tí ó dé sí nígbà mìíràn. Òótọ́ ni, owó náà lè pẹ́ pẹ̀lú. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ni pé kò sí ohun tí ó dè é mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti olùkọ́ àti ògbufọ̀ nìkan. Nígbà tí a bá kéde pé owó ti ti òkèèrè wọlé, ará ìlú tí ó ní orúkọ méjì lẹ́nu nìkan ni ó lè béèrè pé èwo nínú méjèèjì ni.