Ilé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́: Bí Ilé Ẹbí Ṣe Ń Di Ilé Ìrántí

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilé ju ògiri àti òrùlé lọ. Láyé àtijọ́, nígbà tí baálé bá kú, inú ilé rẹ̀ ni wọ́n ti ń sin ín. Àwọn ọmọ a máa jẹun, wọn a máa sùn, wọn a sì máa parí ìjà ẹbí nítòsí ojú oórì bàbá wọn. Nítorí náà, kí àwọn òyìnbó tó mú ilé ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí dé, Yorùbá ti ní ilé ìrántí tirẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ titun ni pé kí ilé ẹbí kan di ilé ìrántí fún odidi orílẹ̀-èdè.

Ẹni tí ó bá ti Èkó gba ọ̀nà Ìbàdàn yóò kọjá ní Ìbàfò àti Mówè, níbi tí àwọn ilé titun ti ń yọ lójoojúmọ́, tí olúkúlùkù onílé sì ń retí pé ọmọ-ọmọ òun yóò jogún rẹ̀. Bí ó bá dé Ṣágámù, kò jìnnà mọ́ sí Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ. Níbẹ̀ ni a bí Awólọ́wọ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, ọdún 1909. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ó sì kú ní ọdún 1920, tí ọmọ náà fi di ẹni tí ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wá owó ilé-ìwé kiri. Ọmọ yìí ni ó di agbẹjọ́rò, olórí ẹgbẹ́ Action Group, Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn láti 1954 títí di 1959, àti ọ̀kan nínú àwọn tí ó jà fún òmìnira ọdún 1960.

Efunyela Hall ni orúkọ ilé rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni ilé náà ń jẹ́. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, ọdún 1987, inú ọgbà ilé náà ni wọ́n sì sin ín sí. Aya rẹ̀, Hannah Ìdòwú Dídẹolú, gbé lẹ́yìn rẹ̀ fún ọdún 28. Ní gbogbo ìgbà náà, ilé yìí kò di ahoro: àdúrà ń lọ níbẹ̀, àwọn olóṣèlú sì ń wọlé wá kí ìyá. Nígbà tí òun náà kú ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2015, ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá, ọjọ́ tí ì bá pé ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún. Àṣà sísin òkú sínú ilé àti àṣà títọ́jú ẹrù olókìkí fún àwọn àlejò wá pàdé ní ojú kan.

Ṣùgbọ́n ewu ń bẹ. Gbogbo ọmọ ni ó ni ilé ẹbí. Bí wọ́n bá fohùn ṣọ̀kan láti tà á, òkú kò lè dìde sọ̀rọ̀. Òfin ìjọba nìkan kò sì tó. Ní ọdún 1956 ni ìjọba kéde ilé Ìlọ́jọ̀ ní Èkó, ilé tí àwọn tí ó ti Bràsílì bọ̀ kọ́, pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ilé George Washington, olórí òmìnira Amẹ́ríkà, ìbá ti bàjẹ́ bákan náà, nítorí apá àwọn àrọ́lé rẹ̀ kò ká a mọ́. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan ni ó dá owó jọ tí ó sì rà á ní ọdún 1858; àwọn náà ni ó ń tọ́jú rẹ̀ títí di òní.

Ohun tí ó yẹ ilé Ìkẹ́nnẹ́, àti irú rẹ̀ gbogbo, nìyẹn: àwọn alábòójútó tí òfin mọ̀, owó àtúnṣe tí kò dúró de ìdìbò, àti ìtàn tí a kọ sílẹ̀ kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tó tán. Àwọn àgbà ní, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Awólọ́wọ̀ fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 dáhùn ìdajì òwe náà. Ìdajì kejì di ti àwọn tí ó jàǹfààní ẹ̀kọ́ náà, àti ti àwọn ọmọ wọn.