Mọ́tò Lókè Orí Awakọ̀: Ṣé O Mọ̀?

Ṣé o mọ̀ pé àwọn awakọ̀ tírélà kan wà ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń sáré lójú títì, odidi mọ́tò kan ló wà lókè orí wọn? Kì í ṣe ẹ̀yìn nìkan o. Lókè orí gan-an!

Àwọn tó ń fi tírélà kó mọ́tò ni. Tírélà kan lè gbé mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí àwọn mọ́tò náà bá kéré, ó lè di mẹ́wàá!

Ó yá, sún mọ́ mi. Ká ní tírélà aláàpótí lo ti ń wà tẹ́lẹ̀, èyí tó ní ilẹ̀kùn lẹ́yìn. Bó o bá ti fi ìdí rẹ̀ ti ẹnu ilé ìkẹ́rùsí, iṣẹ́ rẹ parí. Àwọn ẹlòmíì ló máa kó ẹrù sí i. O tiẹ̀ lè sùn! Lọ́jọ́ tó o bá bọ́ sídìí mọ́tò kíkó, oorun yẹn tán. Ìwọ lo máa wa mọ́tò kọ̀ọ̀kan gun orí irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì. Ìwọ lo máa so ó. Ìwọ náà lo máa wà á sọ̀ kalẹ̀.

Wo ẹ̀gbẹ́ tírélà náà dáadáa. Ṣé o rí àwọn ọ̀pá kéékèèké tó tò síbẹ̀? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní pèpéle tó ń darí. Fa eléyìí, pèpéle kan á gbé imú sókè. Ti tọ̀hún, òmíràn á tẹrí ba. Bẹ́ẹ̀ ni wàá máa gbé e, tí wàá máa sọ̀ ọ́, títí ìdí mọ́tò kan á fi wọ abẹ́ imú èkejì. Àlàfo tó ṣẹ́ kù láàárín wọn lè má ju ínṣì díẹ̀ lọ. Èyí tó o sì kó gbẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ sọ̀, nítorí náà, kó o tó gbé èyí àkọ́kọ́ lo ti gbọ́dọ̀ mọ ilé oníkálukú!

Aago ò sì dúró dè ọ́. Òfin fún awakọ̀ ní wákàtí 14 láti ìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò gbọdọ̀ wakọ̀ ju 11 lọ nínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó o fi ń gun irin, inú 14 yẹn ló ti ń jẹ.

Ìwé àṣẹ ńkọ́? Tánkà fẹ́ àfikún ìwé àṣẹ. Ẹrù eléwu fẹ́ àfikún. Tírélà méjì tí a so pọ̀ fẹ́ àfikún. Kíkó mọ́tò? Rárá! Class A tó ò ń lò tẹ́lẹ̀ náà ni. Ní tèmi, kò sí iṣẹ́ tírélà tó gba làákàyè tó eléyìí, síbẹ̀ ìjọba ò béèrè ìdánwò mìíràn fún un.

Gígùn ọkọ̀ àti tírélà lápapọ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ bàtà 80! Láti ìparí ọdún 2015, òfin ìjọba àpapọ̀ gbà kí mọ́tò yọ ẹsẹ̀ bàtà 4 níwájú, kó tún yọ 6 lẹ́yìn. Rò ó pọ̀. 90!

Tírélà lásán, orí táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń fà á ni wọ́n ti so ó. Ti akómọ́tò yìí, ẹ̀yìn táyà pátápátá ni, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Gbogbo bó o ṣe mọ kọ́nà yí tẹ́lẹ̀, o máa tún un kọ́.

Gíga wá ni ìjà. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 13 àti ínṣì 6 lòpin. Awakọ̀ á fi ọ̀pá wọn ẹrù rẹ̀ kó tó gbéra. Ẹ̀ka igi lásán lè ba mọ́tò tuntun jẹ́!

Bíríìjì rélùwéè kan wà ní Durham, ní North Carolina, tó ti bẹ́ orí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹsẹ̀ bàtà 11 àti ínṣì 8 ni gíga rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ínṣì 8 gbé e sókè lọ́dún 2019. Akómọ́tò tó kún dé òkè ò tíì lè gbabẹ̀!

Ìwọ̀n ńkọ́? Ọkọ̀ àti ẹrù lápapọ̀ ò gbọdọ̀ ju 80,000 pọ́ùn lọ. Àmọ́ GMC Hummer oníná, ọ̀kan ṣoṣo, lè lé ní 9,000 pọ́ùn. Sọ ọ́ di mẹ́sàn-án. 81,000! A ò sì tíì ka tírélà fúnra rẹ̀.

Mọ́tò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìdè méjì, ó kéré tán, níwájú àti lẹ́yìn. Bó bá lé ní 10,000 pọ́ùn, ó di mẹ́rin. Kó o tó rin máìlì 50, o gbọ́dọ̀ dúró yẹ̀ ẹ́ wò.

Irin bẹ́líìtì rẹ? Bò ó. Òrùka? Bọ́ ọ. Aago ọwọ́? Bọ́ òun náà. Wọ́n lè họ ọ̀dà mọ́tò!

Ó ku èyí tó ya èmi lẹ́nu jù. Alexander Winton ni wọ́n sábà máa ń pè ní ẹni tó kọ́kọ́ ṣe tírélà, ní Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio, lọ́dún 1898. Kí ló fẹ́ fi gbé? Ìrẹsì ni? Igi ni? Mọ́tò! Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe mọ́tò tà, ó sì fẹ́ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ oníbàárà láìgbó. Mọ́tò kan péré ni tírélà náà ń gbé. Awakọ̀ tó fi àpótí sílẹ̀ lọ kó mọ́tò, ìdí iṣẹ́ gan-an ló padà sí!

Lónìí ńkọ́? Ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ Höegh Aurora, tó jáde lọ́dún 2024, ń gba mọ́tò 9,100. Tírélà tó lé ní 1,000 ló máa kó ẹrù rẹ̀ tán, ní mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án!

Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń gúnlẹ̀ sí Èkó àti Kútọnu, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá. Bí ọ̀kan bá wà ládùúgbò rẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti gun tírélà, ó sì ti wọ ọkọ̀ ojú omi, kí ẹnikẹ́ni tó ra epo Nàìjíríà sí i!