Oògùn Àrùn Ojú Fífọ́ ti Etí Odò, àti Iṣẹ́ Tí Àwọn Ará Ìletò Ṣe Nínú Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú ni ọba ara. Ṣùgbọ́n ní ìletò púpọ̀ tí ó wà lẹ́bàá odò tí ń ṣàn kíkankíkan lórí àpáta, ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fọ́ kí wọ́n tó darúgbó, a sì máa fi oko ọlọ́ràá sílẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù. Ó yẹ kí a mọ ohun tí ń fa àrùn yìí, àti bí a ti ṣe rí ìtọ́jú rẹ̀.

Kì í ṣe èpè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àsàsí. Eṣinṣin dúdú kékeré kan, tí ń yé ẹyin sínú irú odò bẹ́ẹ̀, ni ó ń gbé e kiri. Ọ̀sán ni í máa jẹ ènìyàn, nítorí náà àwọ̀n ẹ̀fọn kò lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó ti ń jẹni ni ó ń fi ọmọ aràn sí ni lára. Aràn náà a dàgbà, a sì máa gbé inú kókó lábẹ́ awọ fún ọdún 10 sí 15, a máa bí àìmọye ọmọ. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ń mú ara yún ni tí a kò fi lè sùn. Bí wọ́n bá sì dé inú ojú, ojú a fọ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ó bá ti fọ́ tán kì í là mọ́.

Àwọn oògùn àtijọ́ le púpọ̀, wọn a sì máa pa aláìsàn lára nígbà mìíràn. Lẹ́yìn ọdún 1970, Satoshi Ōmura, ọ̀mọ̀wé kan ní Japan, rí ẹ̀dá tíntín kan nínú erùpẹ̀ ilẹ̀. William Campbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sì rí i pé ohun tí ẹ̀dá náà ń mú jáde ń pa aràn inú ẹran ọ̀sìn. Láti inú rẹ̀ ni a ti ṣe ivermectin. Ní 1981 àwọn aláìsàn ní Senegal gbà kí a dán an wò lára wọn, ó sì ṣiṣẹ́. Ní 1987 ilé-iṣẹ́ Merck ṣèlérí láti máa fi í tọrẹ níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì nílò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n oògùn tí ó wà nínú àpótí kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Ọmọ aràn ni ivermectin ń pa, kì í pa ìyá rẹ̀; nítorí náà a gbọ́dọ̀ lò ó lọ́dọọdún títí ìyá yóò fi gbó kú. Ta ni yóò máa gbé e lọ sí gbogbo abúlé? Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá ti ìlú ńlá wá, ó lè bá gbogbo ilé ní títì, kí àwọn ènìyàn ti lọ sí oko.

Nígbà náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwádìí mìíràn ní orílẹ̀-èdè mélòó kan ní Áfríkà, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ará ìletò fúnra wọn yan olùpín oògùn àti àkókò tí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àbájáde rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní 1996, fi hàn pé wọ́n ṣe iṣẹ́ náà dáradára. Ìwádìí tún fi hàn pé gíga ènìyàn tó láti fi mọ iye tí yóò lò. Nítorí náà ọ̀pá tí a fàmì sí ni olùpín ń lò dípò òṣùwọ̀n, láti hóró 1 dé 4.

Ẹ kíyè sí èyí. Ọmọ tí gíga rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 90, aboyún, ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, àti ẹni tí àìsàn dá gúnlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lò ó. Bí ara bá yún tàbí tí ó wú lẹ́yìn lílò rẹ̀, ẹ sọ fún olùpín. Ẹ má sì ṣe dáwọ́ dúró nítorí pé ara yíyún ti lọ. Aràn àgbà ṣì wà nínú kókó.

Ní oṣù January 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé orílẹ̀-èdè Niger ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn yìí, èkíní ní Áfríkà, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí a ti ń pa ọmọ eṣinṣin nínú odò tí àwọn ènìyàn sì ń lo oògùn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀mọ̀wé ni ó rí oògùn nínú erùpẹ̀. Ará ìletò ni ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà aládùúgbò rẹ̀.