Kí Ló Mú Kó Jẹ́ Yábàá?

Yábàá tí èmi mọ̀ ní Èkó ni ti ọjà Téjúoṣó, aṣọ òkìríkà àti ariwo àwọn ọmọ ọkọ̀. Àdúgbò yìí kan náà ni Bọ̀sún Tìjání àti Fẹ́mi Longe ṣí CcHub, ibùdó àwọn tó ń dá iléeṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀, sí ní 2011, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní òpópónà Herbert Macaulay. Kí ni wọ́n gbé síbẹ̀? Iná, íntánẹ́ẹ̀tì tó yá, tábìlì, àti àgbà tí yóò wo iṣẹ́ rẹ kó sì sọ pé kò tíì dáa. Ẹ má fojú kéré iná o. Ẹni tó ti wá epo jẹnẹrétọ̀ kiri lóru mọ ohun tí mò ń sọ.

Ṣùgbọ́n ibùdó nìkan kò lè sọ Yábàá di ojúkò ìmọ̀ ẹ̀rọ. Yunifásítì Èkó wà nítòsí, ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yábàá Tẹ́ẹ̀kì ti wà níbẹ̀ láti 1947. Ọmọ tó mọ̀wé kò wọ́n. LifeBank, tó ń fi ọ̀kadà gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, wà lára àwọn tí CcHub tọ́ dàgbà. Nígbà tí Mark Zuckerberg ti Facebook yà sí CcHub ní 2016, gbogbo ìwé ìròyìn ló gbé e. Lójú tèmi, wáyà fáíbà íntánẹ́ẹ̀tì tí iléeṣẹ́ MainOne rì mọ́lẹ̀ ní Yábàá ní 2013 ṣe pàtàkì ju àbẹ̀wò yẹn lọ, bí kò tilẹ̀ sẹ́ni tó bá a ya fọ́tò.