Abọ́ Amọ̀ Tí Wọ́n Fi Ń Mu Tíì Ní Ilẹ̀ Jàpáànì

Ọ̀rọ̀ abọ́ amọ̀ kan ni a fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má ṣe sọ pé, "Kí ló wà nínú abọ́ amọ̀ tí a ó fi máa kàwé lé e lórí?" Ẹ jẹ́ kí a jọ kà á dé òpin.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó

Àwọn ará Jàpáànì ní irú tíì kan tí wọ́n kì í fi omi sè. Wọ́n á gbẹ ewé rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́. Wọ́n á bu díẹ̀ sínú abọ́, wọ́n á da omi gbígbóná lé e. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ohun kékeré kan tí wọ́n fi ọparun ṣe pò ó kíákíá, títí yóò fi hó bí ọṣẹ. Ohun náà jọ ìjábẹ̀ tí àwọn ìyá wa fi ń lu ọ̀ọ́yọ́.

Abọ́ yìí kò ní ibi tí a fi ń dì í mú. Ọwọ́ méjèèjì ni àlejò fi ń gbà á. Kí ó tó mu, á yí abọ́ náà díẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ má baà kan ojú ibi tó lẹ́wà jù. Ọ̀wọ̀ ni. Bí ó bá mu tán, á tún wo abọ́ náà dáadáa, lára àti nídìí. Á gbé e sún mọ́ ilẹ̀ bí ó ti ń wò ó, kí ó má baà já bọ́.

Bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n

Ọ̀gá kan wà nínú ọ̀rọ̀ tíì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sen no Rikyu. Ó kú ní ọdún 1591. Ní ayé rẹ̀, àwọn ọlọ́lá fẹ́ràn abọ́ dídán láti ilẹ̀ Ṣáínà. Rikyu ní tirẹ̀ fẹ́ abọ́ tí kò ní fáàrí. Ó bẹ ọkùnrin kan lọ́wẹ̀ ní ìlú Kyoto, Chojiro ni orúkọ rẹ̀.

Chojiro kò lo ẹ̀rọ tó ń yí amọ̀ po. Ọwọ́ ló fi mọ abọ́ náà, ó sì fi irin há a. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń mọ ìkòkò, ẹ gbọ́! Ọwọ́ ni ẹ̀yin náà fi ń mọ ọ́n.

Wọ́n á lọ òkúta dúdú, wọ́n á fi kun abọ́ náà. Wọ́n á gbé e sínú ààrò kékeré. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Òkúta lílọ̀ náà á yọ́, á sì dán. Bí abọ́ náà bá ti pọ́n bí ẹ̀yinná, wọ́n á fi ẹ̀mú yọ ọ́ síta. Raku ni wọ́n ń pe irú abọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdílé náà ṣì ń mọ ọ́n ní Kyoto títí di òní. Wọ́n ti dé ìran kẹrìndínlógún.

Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Amọ̀ abọ́ yìí máa ń fa omi. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí wọ́n tó da tíì sí i. Wọn kì í fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, nítorí yóò fa òórùn ọṣẹ mu. Bí wọ́n bá fi omi ṣàn án tán, wọ́n á jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó gbé e sínú àpótí igi. Bí kò bá gbẹ, yóò bu. Bí abọ́ bá fọ́, wọn kì í yára sọ ọ́ nù. Wọ́n á fi oje igi kan lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n á wá fi ẹ̀tù wúrà sí ojú ibi tó fọ́.

Abọ́ tí a kò mọ ẹni tó mọ ọ́n

Abọ́ kan wà ní tẹ́ńpìlì kan ní Kyoto. Kizaemon ni wọ́n ń pè é. Láàárín ọdún 1500 sí 1600 ni wọ́n mọ ọ́n ní ilẹ̀ Kòríà. Ní ọdún 1931, Yanagi Soetsu, ọ̀mọ̀wé ará Jàpáànì kan, lọ wò ó. Inú àpótí nínú àpótí ni wọ́n ti yọ ọ́. Ó ní abọ́ oúnjẹ àwọn tálákà lásán ni. Síbẹ̀, ìjọba Jàpáànì ti kà á mọ́ ìṣúra orílẹ̀-èdè.

Ta ni Kizaemon? Oníṣòwò tó ni abọ́ náà nígbà kan rí ni. A mọ orúkọ ẹni tó rà á. A kò mọ orúkọ ẹni tó mọ ọ́n, nítorí kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn ará ilé Raku kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń tẹ èdìdì wọn sí ara abọ́. Wọ́n tún máa ń kọ orúkọ sí àpótí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀wé kà yóò mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó jẹ́.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ti mọ orúkọ yín kọ báyìí. Nígbà tí amọ̀ bá ṣì tutù, ẹ mú igi ṣóńṣó kan, kí ẹ fi kọ orúkọ yín sí ìdí ìkòkò. Iná kò ní í pa á rẹ́. Ọmọ ọmọ yín yóò kà á.

Ẹ jọ jíròrò:
1. Kí ló dé tí wọn kì í fi ọṣẹ fọ abọ́ Raku?
2. Ìkòkò wo ló wà ní ilé yín tó ti pẹ́ jù? Ta ni ó mọ ọ́n?