Ta ni ọmọ ìbílẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí òfin ń lò tí kò túmọ̀

Ariwo tó sọ lọ́dún 2025 kò tíì rọlẹ̀ tán lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Benjamin Kalu, igbákejì olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin, ló gbé àbá wá pé kí ẹni tó bá ti gbé ibì kan fún ọdún mẹ́wàá lè di ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Àwọn kan ní wọ́n fẹ́ fi gba ilẹ̀ baba àwọn. Kò pẹ́ tí Kalu fi fa àbá náà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí ni òfin ń pè ní ọmọ ìbílẹ̀ gan-an?

Ọ̀dọ́ tó bá ń wá iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní láti lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ní káńsù tó wà ní Akanran. Agboolé baba rẹ̀ ni wọn yóò bi í, kì í ṣe iye ọdún tó ti lò lábúlé. Ìwé pélébé yìí ló ń ṣílẹ̀kùn Àbújá.

Abala 147 ìwé òfin ọdún 1999 ní kí Ààrẹ yan ó kéré tán mínísítà kan láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí onítọ̀hún sì jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Síbẹ̀, ìwé òfin náà kò túmọ̀ ọmọ ìbílẹ̀ níbì kankan. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni abala 318: ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí baba tàbí ìyá rẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ àgbà, wá láti àwùjọ onílé níbẹ̀. Ìyá wà níbẹ̀ o! Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì gbà pé ti baba nìkan ni. Láti ìgbà wo ni àwùjọ kan ti ń di onílé? Òfin dákẹ́.

Ìbẹ̀rù ló bí ètò pínpín ipò ìjọba ní ìpínlẹ̀-ní-ìpínlẹ̀ yìí. Lábẹ́ ẹkùn mẹ́ta tó wà lẹ́yìn 1954, àwọn ẹ̀yà kéékèèké ń sunkún pé àwọn ẹ̀yà ńlá fẹ́ gbé àwọn mì. Ìgbìmọ̀ Willink tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó sì jábọ̀ lọ́dún 1958. Nígbà tó yá, wọ́n pín orílẹ̀-èdè sí ìpínlẹ̀ 12 lọ́dún 1967, ó di 19 lọ́dún 1976. Ìwé òfin ọdún 1979 wá pàṣẹ pé kí ẹ̀yà kan ṣoṣo má ṣe jókòó lé ìjọba lórí. Èrò rere ni: bí àwo bá jẹ́ ọ̀kan, kí ọwọ́ gbogbo ilé dé inú rẹ̀.

Àmọ́ ìpínlẹ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan ń bí àlejò tuntun. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991, wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Ọmọ tí baba rẹ̀ ti Ìwó wá dáko kòkó lẹ́bàá Ìbàdàn sùn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó sì jí ní ọmọ Ọ̀ṣun, láìkúrò lórí ẹní. Yorùbá kan náà sì ni ará Ọ̀yọ́ àti ará Ọ̀ṣun. Ní Ìbàdàn fúnra rẹ̀, àwọn jagunjagun láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ló pàgọ́ ogun síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829. Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan: ní Jos, ìjà ta-ni-onílé ta ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2001.

Ohun tó ká mi lára jù ni owó orí. Ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ń san án fún, kì í ṣe ìpínlẹ̀ baba rẹ̀. Agbowó orí kì í bi èèyàn ní orírun. Ìgbà tí a bá fẹ́ pín èrè la tó ń wá agboolé.

Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọdún mẹ́wàá ni òṣùwọ̀n tó tọ́. Oyè mọ́gàjí àti ilẹ̀ ẹbí, kí wọ́n wà lọ́wọ́ ẹbí. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ náà ní olówó. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ àti iṣẹ́ káńsù, lójú tèmi, ẹni tó ń gbé ìlú tó sì ń sanwó orí níbẹ̀ ló yẹ kó jẹ ẹ́. Abala 15 pàápàá ní kí ìjọba rí i pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti gbé ibi gbogbo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹjọ́ kò lè fi tipátipá mú un ṣẹ.

Kí àwọn aṣòfin kọ́kọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Kó tó dìgbà náà, ẹ̀yin tí ìyá yín jẹ́ ará Ọ̀nà-Àrà, bí wọ́n bá ní baba yín nìkan ló kà, ẹ ní kí wọ́n ṣí abala 318.