Ọ̀nà Ló Bàjẹ́, Dírẹ́bà Ni Wọ́n Ń Bú: Ìtàn Àìsàn Kọ̀ǹpútà Ilé Ní Niamey

Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà tó ń ṣàìsàn rí. Ojú rẹ̀ lè ṣàdédé di búlúù, ó lè kú láìdágbére, ohùn lè má jáde mọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè kọ̀ láti dáhùn. Ìpọ́njú kan náà ni lójú ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n ohun tó fà á kì í ṣe ọ̀kan. Ní Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, níbi tí Windows ti ń fi èdè Faransé bá onílé sọ̀rọ̀, "pilote" ni orúkọ ohun tí ẹ̀bi sábà máa ń já lé lórí. Òun náà ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn àti Èkó ń pè ní dírẹ́bà, ìyẹn fáìlì tó ń kọ́ Windows bí yóò ṣe bá ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lò. Tí wọ́n bá ti ní dírẹ́bà ló bàjẹ́, kò ju kí wọ́n nu gbogbo inú ẹ̀rọ náà, kí wọ́n fi Windows tuntun sí i, èyí tí wọ́n ń pè ní fọ́máàtì. Èrò tèmi ni pé ẹ̀bi tí à ń dá dírẹ́bà ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ. Iná mọ̀nàmọ́ná, ooru àti eruku ló yẹ ká kọ́kọ́ bi léèrè.

Kì í ṣe pé àwọn tó ń dá dírẹ́bà lẹ́bi kàn ń sọ tẹnu wọn. Kí Windows 95 tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1995, ẹni tó ra káàdì ohùn lè ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí irin kékeré orí káàdì náà nípò, kí ẹ̀yà méjì má bàa máa jà sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Windows 95 ló sọ ọ́ di àṣà pé kí ẹ̀yà máa dárúkọ ara rẹ̀, kí Windows sì wá dírẹ́bà tó bá a mu. Nígbà tí Windows Vista dé ọjà ní oṣù kìíní ọdún 2007, ó yí ìlànà dírẹ́bà padà, àwọn tó ń ṣe káàdì àwòrán kò sì tètè bá a dọ́gba. Nínú àwọn ìwé tí ẹjọ́ kan tí wọ́n pe Microsoft ní Amẹ́ríkà tú síta ní ọdún 2008, dírẹ́bà NVIDIA nìkan ni wọ́n ka ìdá 28.8 nínú ọgọ́rùn-ún sí lọ́rùn nínú àkọsílẹ̀ ìdákú Vista ti ọdún 2007, ìdá 17.9 ni ti Microsoft fúnra rẹ̀. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ nígbà yẹn, òótọ́ ni wọ́n kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Windows 10, tó jáde ní oṣù keje ọdún 2015, ń fúnra rẹ̀ wá ọ̀pọ̀ jù lọ dírẹ́bà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwà fọ́máàtì ni kò yí.

Fáìlì ni dírẹ́bà. Kì í gbó, kì í jẹrà, ikán kì í jẹ ẹ́. Bó bá ṣiṣẹ́ lánàá tí kò ṣiṣẹ́ lónìí, nǹkan kan ló yí padà láàárín: yálà Windows fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, tàbí ẹnì kan fi nǹkan tuntun sínú ẹ̀rọ, tàbí iná lọ nígbà tí díìsìkì ń kọ̀wé lọ́wọ́ tí fáìlì náà sì já sọ́nà. Tó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, kì í mọ sí ilé kan. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, ilé iṣẹ́ CrowdStrike fi àtúnṣe kan tó lábùkù ránṣẹ́ sí ètò ààbò rẹ̀, èyí tó ń ṣiṣẹ́ bíi dírẹ́bà nínú Windows lọ́hùn-ún. Microsoft ṣírò pé kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 8.5 ni ọ̀rọ̀ náà bá káàkiri ayé. Bí àìsàn dírẹ́bà ṣe ń rìn nìyẹn: gbogbo ẹ̀rọ tó gba oúnjẹ kan náà ni inú ń run pọ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń kú ní ìyẹ̀wù kan ṣoṣo, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, nínú oṣù kẹrin, nígbà tí irú rẹ̀ tó wà ní ọ́fíìsì oní-amúlétutù ń bá iṣẹ́ lọ, ìyẹ̀wù yẹn ló yẹ ká yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká wá wo iná tó ń wọ ìyẹ̀wù náà. Láti ọdún 1976 ni wáyà ńlá kílófọ́ltì 132 ti ń gbé iná láti Birnin Kebbi ní Nàìjíríà, gba Dosso, dé Niamey. Wáyà yẹn ni ìlú náà gbára lé bó ṣe ń gbòòrò. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023 tí ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, sì fi ìjìyà lé Niger, Nàìjíríà gé iná náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ. Nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí orílẹ̀-èdè Niger ń lò nígbà náà ló ń ti Nàìjíríà wá. NIGELEC, ilé iṣẹ́ iná wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìwọ̀nba tó kù láti àdúgbò dé àdúgbò. "Délestage" lorúkọ ìpín náà lẹ́nu ará ìlú. Ibùdó iná oòrùn Gorou Banda, mẹ́gáwáàtì 30, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ọdún náà tó parí, wọ́n sì mú ìjìyà kúrò ní oṣù kejì ọdún 2024. Ṣùgbọ́n òkùnkùn kọ́ ló ń pa kọ̀ǹpútà. Ìgbà tí iná bá ń padà bọ̀ ni. Gbogbo fìríìjì àti amúlétutù àdúgbò á jí lẹ́ẹ̀kan náà, agbára iná á lọ sílẹ̀, á tún fò sókè, páwà páàkì, àpótí tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà, ni yóò sì gba ìyà náà jẹ. Nínú páwà páàkì yẹn ni àwọn kàpásítọ̀ wà, agolo kéékèèké tí orí wọn yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ìyà bá pọ̀ jù, orí agolo náà á wú bí àkàrà. Láti ìgbà náà lọ, iná tó ń lọ sí díìsìkì àti ojú USB á máa já kúrò díẹ̀díẹ̀. Ohun tí Windows rí kò ju pé ẹ̀yà kan kò dáhùn mọ́; kò ní ojú tó lè fi wo wáyà òpó ìta. Nítorí náà, orúkọ ẹ̀yà yẹn àti dírẹ́bà rẹ̀ ni yóò dá.

Ooru ń parí ohun tí iná bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán oṣù kẹrin ní Niamey máa ń kọjá dígírì 40. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lò fún kàpásítọ̀ olómi ni pé bí ooru rẹ̀ bá fi dígírì 10 lé, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín sí ìdajì. Ọyẹ́ á tún gbé eruku aṣálẹ̀ Sahara wá, eruku á di ihò fáànù, ooru tí kò rọ́nà jáde á máa yí po nínú. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ dín eré kù láti gba ara rẹ̀ là, lẹ́yìn náà á pa ara rẹ̀. Wọ́n á ní Windows ló ń fà.

Ẹ̀rí tó hàn jù lọ wà lábẹ́ ìka. Láptọ́ọ̀pù wà lórí tábìlì, wọ́n fi ṣájà sí i. Ìka wà lójú kan lórí pátákó ìfọwọ́tọ́, síbẹ̀ ọfà ojú ẹ̀rọ ń gbọ̀n, ó ń fò láti igun dé igun, ó ń tẹ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀. Tí wọ́n bá fa ṣájà náà yọ, ọfà á dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n á kì í bọ̀ ọ́ padà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Dírẹ́bà pátákó náà kò yí padà nígbà tí wọ́n yọ ṣájà. Ilé tí kò ní wáyà ilẹ̀ ni: iná díẹ̀ ń yọ́ láti inú ṣájà wọ ara láptọ́ọ̀pù, òun náà ló ń rìn wìnnìwìnnì lọ́wọ́ ẹni tó bá fi ìka ra irin ara rẹ̀. Iná tín-ín-rín ìka sì ni pátákó yẹn fi ń mọ ibi tí ìka wà. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí iná rẹ̀ pé, yóò ṣiṣẹ́ dáadáa lẹ́yìn fọ́máàtì, bí yóò ti ṣe ká ní wọn kò fọ́máàtì rẹ̀ rárá. Tó bá padà délé, ijó á tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé fọ́máàtì máa ń wò ó sàn, ojú òun ló sì ṣe. N kò jiyàn. Àmọ́ ẹ ronú sí ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ náà kúrò nínú ooru, ó jókòó sídìí iná tó dúró, bóyá wọ́n tiẹ̀ fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù. Bí díìsìkì bá ní ojú àpá, Windows tuntun lè bọ́ sí ibi tó ṣì dára, àlàáfíà á wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àpá á sì tún ràn dé ibẹ̀. Láàárín ìyẹn, àwòrán ìgbéyàwó àti ìwé àṣekágbá ọmọ ilé ìwé ti lọ. Ohun tí mo rò pé ó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, nítorí wọ́n lè ra ẹ̀yà ẹ̀rọ padà.

Dírẹ́bà kúkú ń ṣẹ̀ nígbà mìíràn, ó sì rọrùn láti mọ̀ ọ́n. Níbi tí Windows ti ń to àwọn ẹ̀yà rẹ̀, èyí tí èdè Faransé ń pè ní "Gestionnaire de périphériques", àmì yẹ́lò máa ń ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà 28 túmọ̀ sí pé kò sí dírẹ́bà. Nọ́ńbà 43 ni pé ẹ̀yà náà fúnra rẹ̀ kígbe pé ara òun kò dá. Ẹ̀yà tó wà láàyè á dárúkọ ìdílé rẹ̀: VEN_8086 ni ọmọ Intel, VEN_10EC ni ọmọ Realtek. Èyí tó bá dáhùn orúkọ tó sì mú nọ́ńbà 28 wá, ẹ wá dírẹ́bà fún un. Èyí tí kò sí nínú àkójọ rárá, tí kì í sì í ṣe pé wọ́n pa á nínú ètò ẹ̀rọ, kò sí dírẹ́bà tó lè jí i dìde. Ìṣòro dírẹ́bà tòótọ́ á tún pọ̀ sí i báyìí tí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, tí àwọn kan sì ń fi agbára ti Windows 11 sínú tòkunbọ̀ tí Microsoft kò kà mọ́ èyí tó lè gbé e.

Wọ́n á ní owó nìkan ló lè ṣe gbogbo àyẹ̀wò yìí. Rárá o. Búrọ́ọ̀ṣì kíkùn kò wọ́n. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ láti fa okùn iná yọ bí iná bá ti lọ, kí ó sì dúró ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tó bá dé. Ọ̀fẹ́ ni Ubuntu, ètò kọ̀ǹpútà mìíràn bíi Windows, tí wọ́n lè fi fláàṣì ṣí kọ̀ǹpútà láìfọwọ́ kan Windows. Bí ohùn bá ń já níbẹ̀ náà, dírẹ́bà Windows ti bọ́ nínú ẹjọ́, torí Ubuntu kò lò ó. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ pé kò nílò UPS kankan, ìyẹn àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá lọ. Windows pàápàá ń kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń fi nọ́ńbà 41 sàmì sí gbogbo ìgbà tó jí láìjẹ́ pé wọ́n pa á dáadáa. Kí ẹ tó gbà kí wọ́n nu inú kọ̀ǹpútà yín, ẹ ní kí oníṣẹ́ ṣí ìwé náà níwájú yín. Bí 41 bá tò síbẹ̀ bí èèrà, tó sì bá àkókò tí iná ń lọ mu, ẹ fi owó fọ́máàtì kún owó bátìrì.